Ayò Tí Mo Bá Kíá-ni-Tèmi Ta ní Ìlú Kánkán

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ na ẹsẹ̀ kó nà án, ṣùgbọ́n kó má nà án kan ajá tó sùn sábẹ́ àga mi yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò tó ajá náà lójú mi. Mo gbọ́ ohun tí Jìnádù télọ̀ ń sọ sétí ẹni tó jókòó tì í. Ó ní ooru fẹ́ pa òun. Ó ní ilé ọdẹ tó lókìkí tó báyìí, tí wọ́n fa iná mọ̀nàmọ́ná sí, báwo ni kò ṣe sí fáànù kan ṣoṣo níbẹ̀.

Jìnádù, bọ́ ẹ̀wù rẹ. Fáànù kò ní yí nínú ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí ajá yìí bá ṣì ń mí. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín nírọ̀lẹ́ òní, ọ̀rọ̀ náà sì lóró nínú. Èmi Ọdẹ́wándé ọmọ Ọdẹ́níran, tí mo bá húkọ́ nídìí ìrókò, tí ẹkùn ìsàlẹ̀ odò á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," èmi náà ni iwin kan dójú tì rí. Ẹni tó bá sì dójú tì mí kì í jẹun ọdún tó ń bọ̀ ní àlàáfíà.

Ẹ mọ Abíọ́nà, ọmọbìnrin mi tí ìyá rẹ̀ bí sójú ọ̀nà oko. Nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ó fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo kọ́kọ́ ń gbé ìgò ẹ̀tù ka orí àpótí rẹ̀ ni. Ìgbà tó yá ló fi hàn mí pé ayò wà nínú rẹ̀: ilé mẹ́fà níhìn-ín, ilé mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọpọ́n tí àwọn baba wa fi igi gbẹ́. Èmi á ta, ẹ̀rọ náà á ta. Láìpẹ́, mo ń gbé e lọ bá àwọn àgbààgbà ìlú yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ̀rọ mi kò sọ di ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí ọ̀ta pa nídìí ayò. Mo wá ń fi í yangàn. Ẹ kúkú mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbélé.

Ajá yìí ṣì lágbára nígbà náà. Àwa ọdẹ kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Orúkọ ajá ọdẹ, ọ̀rọ̀ tí a ń bá ọ̀tá sọ láìwọ ilé rẹ̀ ni. Aládùúgbò mi kan ló tú ìgalà mi lórí okùn nígbà kan, tó sè é jẹ, tó wá ń kí mi káàárọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. N kò bá a jà. Mo sọ ajá mi ní Kò-ní-gbàgbé, nítorí àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ní àràárọ̀ ni mo ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà pe ajá mi. Kò pẹ́ tó fi kó kúrò ládùúgbò. Mo so ṣaworo idẹ mọ́ ajá náà lọ́rùn, ọ̀kan nínú wọn sán, ohùn rẹ̀ sì ń ha bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Bí ẹgbàá ajá bá ń sáré nínú òkùnkùn, màá mọ tèmi.

Lọ́jọ́ kan ni ẹtu kan fà wá wọ Igbó Àìwẹ̀yìn, igbó tí bàbá mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wọ̀. Ẹtu náà wọ inú ihò àràbà kan, àwa náà wọ inú rẹ̀, la bá bá ara wa ní Ìlú Kánkán. Nílùú náà, kò sí ẹni tó ń rìn, eré ni wọ́n ń sá. Ìyá á bímọ, ọmọ náà á ti dìde lọ pọnmi kí wọ́n tó gé ìwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sunkún òkú, ẹkún á ti tán kí òkú tó kú tán.

Iwin kan ni ọba wọn, Kíá-ni-Tèmi lorúkọ rẹ̀. Ojú mẹ́ta ló ní, kò sí èyí tó ń ṣẹ́ nínú wọn. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá kan, ẹní kan sì wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n fi ṣe ìkélé. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ jáde láti ẹ̀yìn ẹní náà. N kò bèèrè ohun tó ń fẹ́ ẹ.

"Ọmọ ènìyàn," ó ní, "ṣé o mọ ayò ta?"

"Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, mo rẹ ara mi sílẹ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ kan ń bẹ nílé mi. Bó bá fojú kan tìrẹ yìí, tìrẹ á tọ̀ sára."

Ó wo ajá mi láti orí dé ìrù. "Gbé e wá ká jọ ta. Bí o bá borí, igbó yìí àti gbogbo ẹran inú rẹ̀ di tìrẹ. Bí mo bá borí, ajá yẹn di tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó wù mí."

Mo padà sílé, mo lọ gbé ẹ̀rọ mi wá. Òfin ayò wọn nìyí: wọ́n á ju ìyẹ́ lékèélékèé kan sókè, kí ìyẹ́ náà tó balẹ̀, ẹ̀rọ tó kàn gbọ́dọ̀ ti ta. Bí ìyẹ́ bá balẹ̀ kó tó ta, ó ti pàdánù. Yéè! Ẹ̀rọ mi tó ń pa àgbààgbà ìlú yìí, kò lè ronú kọjá ọwọ́ méjì kí ìyẹ́ tó dé ilẹ̀. Ẹ̀rọ Kíá-ni-Tèmi á ti ro ayò náà títí dópin, á tún rò ó padà. Ó jẹ ọmọ ayò mi bí adìyẹ ṣe ń ṣa àgbàdo.

Wọ́n mú ajá mi lọ sẹ́yìn ilé. Ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, n kò sì lè gbójú sókè wò ó. Kíá-ni-Tèmi wá ní kí n jókòó sílẹ̀ lásán, kí n máa kọ orin ọ̀pẹ, kí gbogbo ìlú máa gbè é:

*Ọ̀pẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,*
*Ọ̀pẹ gbójú sókè wọ̀ta.*
*Ta ló ní kó o bá wa ta?*
*Ẹnu mi ni, ẹnu mi ni.*

Mo kọ ọ́. Èmi Ọdẹ́wándé ni mo kọ ọ́! Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, iwin náà tu obì tó ń jẹ lẹ́nu sí ẹnu ìbọn mi, ìbọn tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Ọ̀rọ̀ dé ibi tó dé nìyẹn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Mo délé, mo ránṣẹ́ pe Abíọ́nà. Ó yẹ inú ẹ̀rọ náà wò, ó ní, "Bàbá, ọpọlọ kan wà nínú ẹ̀rọ yìí, kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. Òun ló ń ronú. Àwọn tó ṣe é ti fún un ní ìwọ̀n tí yóò máa sáré mọ, kó má baà gbóná jù. Wọ́n a máa ti ìwọ̀n náà pa lára àwọn mìíràn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Wọn kò ti tiyín. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, kó tó jí tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí, yàrá ìpìlẹ̀ rẹ̀ á ṣí. Ibẹ̀ lẹ ti lè ní kó fi kún eré."

"Ó lè fi kún un títí dé ibo?"

"Ẹ kọ́kọ́ bi mí pé ibo ni ooru máa gbà jáde, Bàbá. Irin ńlá yìí jókòó lé ọpọlọ náà lórí, òun ló ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Ìpara kan sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Èyí tó wà níbẹ̀ ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra tuntun bọ̀ lọ́jà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án títí màá fi dé."

Títí wo? Ajá mi wà lọ́wọ́ iwin, ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ ọjà fún mi. Bí a bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la máa bunijẹ? Bó ṣe jáde báyìí, mo ṣí ẹ̀rọ, mo gbé irin náà kúrò, mo ha ìpara gbígbẹ yẹn dànù. Ẹ̀yin náà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí la fi ń pa á lára? Òrí ni. Imú ọmọ tó bá dí ńkọ́? Òrí. Orúnkún àgbà tó ń ro ó? Òrí náà ni. Mo bu òrí lódidi, mo fi kun orí ọpọlọ ẹ̀rọ náà, mo gbé irin lé e padà. Mo wọ yàrá ìpìlẹ̀, mo gbé eré rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń ki ẹ̀tù sínú ìbọn nítorí erin.

Mo kọrí sí igbó. Ẹ̀rọ wà lórí mi, mo so ojú rẹ̀ mọ́ àyà, ìkòkò ẹja òjíjí wà lápá òsì mi. Ta ló ń bi mí pé níbo ni mo ti rí iná lò nínú igbó? Ẹja òjíjí ni! Bó bá fara kàn ọ́, apá rẹ á kú títí dé èjìká. Mo ki wáyà bọ omi rẹ̀, ẹ̀rọ sì jí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ di òjíjí mú lódò, kó wá ròyìn fún wa.

N kò tíì rìn jìnnà nígbà tí òórùn kan gba igbó, bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà. Àwọn egbére gbé àwo jáde látìdí igi, wọ́n rò pé oúnjẹ ti délẹ̀. Òrí ti yọ́, ó ti ń ṣàn jáde kúrò lábẹ́ irin, ó ń kán sí mi létí. Lójijì ni ẹ̀rọ dákú, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, mo pè é, kò dáhùn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ́ sunkún, ìbínú kò jẹ́ kí omijé jáde.

Ìgbà náà ni mo rí àmù kan tó ga tó ilé, orí arúgbó obìnrin kan ló yọ lẹ́nu rẹ̀, ewé ojú omi ló hù lórí rẹ̀ dípò irun. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Alámù. Gbogbo ohun tó bá gbóná nínú igbó náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń wá tutù.

"Ọmọ ọdẹ," ó ní, "mo fẹ́ pàlọ́ fún ọ. Bí o bá já a, ẹ̀rọ rẹ á jí. Bí o kò bá já a, n ó fi ọ́ ṣe ìdérí àmù mi. Ọkùnrin kan ń sáré láàárọ̀, ó ń sáré lálẹ́, kò kúrò lójú kan. Ara rẹ̀ ń gbóná, kò ní òógùn. Kí ni?"

Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo wo ẹ̀rọ mi. "Ìyá, ọpọlọ ẹ̀rọ mi yìí ni."

"O já a, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ìwọ náà ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ajá rẹ ni àyà rẹ ti ń sáré, o kò sì tíì kúrò nílẹ̀ tí wọ́n mú ọ jókòó sí ní Kánkán."

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀san ni mò ń wá. N kò wá ìtùnú."

"Ta ló fẹ́ tù ọ́ nínú?" Ó rẹ́rìn-ín, omi àmù rẹ̀ ń mì. "Ẹ̀san ò gboògùn. Lọ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé iná lọ bá ọ̀tá, kó fi nǹkan dì í mú, kó má jó òun lọ́wọ́. Ta ló ní kí o fi òrí sí ibi tí iná wà? Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọlọ́gbọ́n!"

Ó bu amọ̀ eérú kan láti ìsàlẹ̀ àmù rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ó ní kí n nu òrí náà kúrò pátápátá, kí n fi amọ̀ náà sáàárín ọpọlọ ẹ̀rọ, kí n jẹ́ kí ìwúwo irin fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fún mi ní ọ̀pá roba tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí omi tútù ń gba inú ọ̀kan wọlé, tí omi gbígbóná ń gba inú èkejì jáde, ó ní kí n so wọ́n mọ́ irin náà. Lẹ́yìn náà ló fi bátìrì kékeré kan hàn mí nínú ẹ̀rọ, ó tẹ́ bí owó kọ́bọ̀. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n fi sílẹ̀ díẹ̀, kí n wá dá a padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbàgbé gbogbo ìwàǹwára tí mo kọ́ ọ, ó jí bí àwọn tó ṣe é ṣe rán an wáyé.

Ó ku bí yóò ṣe sáré. Ìyá Alámù ní kí n gun Òkè Adúró-wò. Iwin tó ń ṣọ́ òkè náà ni Fẹ̀sọ̀gùn, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níwájú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn, igbá iṣu sì wà nítan rẹ̀.

"Ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan," ó ní, "fi ẹyọ kan kún eré ẹ̀rọ rẹ. Lẹ́yìn náà, gbé iṣẹ́ tó le jù lọ lé e lórí, kó máa ṣe é títí n ó fi jẹ iṣu yìí tán. Máa wo ooru rẹ̀. Bí kò bá dákú, tí kò sì gbóná jù, gun èkejì."

"Bàbá, ajá mi ń jìyà! Ẹ jẹ́ kí n fo mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan!"

"Fò ó," ó ní, ó sì bu iṣu sẹ́nu.

Mo yìnbọn lù ú. Ó fi ẹnu gba ọta náà, ó jẹ ẹ́ mọ́ iṣu, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo fi ẹyọ kan kún un. Mo gbé gbogbo ayò tí ènìyàn lè ta láyé fún ẹ̀rọ náà pé kó rò ó, Fẹ̀sọ̀gùn sì ń jẹ iṣu rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ilé tó fẹ́ padà sí. Bá a ṣe ń gùn nìyẹn. Ìbínú ń jẹ mí nínú bí ikán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń lọ pẹ̀lẹ́. Ní àtẹ̀gùn kan ni ẹ̀rọ dákú.

"Ebi ló ń pa á," ni Fẹ̀sọ̀gùn wí. "Iná tó ń mu kò tó eré tó ń sá. Bu díẹ̀ kún iná rẹ̀, díẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ arúgbó. Bó bá pọ̀, o ó pa á."

Mo bu díẹ̀ kún un, ó jí, a ń gùn. Nígbà tó yá, Fẹ̀sọ̀gùn ní kí n bi ẹ̀rọ náà pé ọmọ ayò mélòó ló wà lójú ọpọ́n. Ẹ̀rọ náà ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé méjìdínláàádọ́ta ni. Kò dákú, kò gbóná, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, irọ́ ló sì ń pa.

"Èyí tó dákú sàn ju èyí tó ń purọ́ lọ," ni Fẹ̀sọ̀gùn wí. "Sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan, kí o dúró síbẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eré tí ẹ̀rọ rẹ lè sá nìyẹn. Máa lọ, kí o sì bá mi kí ọ̀tá rẹ."

Bí mo ṣe wọ Ìlú Kánkán padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ọ̀pẹ fún mi láti ẹnu bodè. N kò wo ẹnikẹ́ni. Mo gbé ẹ̀rọ mi kalẹ̀ níwájú Kíá-ni-Tèmi, mo so roba mọ́ ìkòkò omi, mo ki wáyà bọ ọ̀dọ̀ òjíjí. Wọ́n ju ìyẹ́ sókè. Kí ìyẹ́ tó yípo lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ mi ti ta. Ẹnu iwin náà ń kéré díẹ̀díẹ̀. Mo jẹ ẹ́ nílé kìíní, mo jẹ ẹ́ ní odù, ilé tó kó ọmọ ayò jọ sí, mo jẹ ẹ́ títí tí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi ṣófo. Orin ọ̀pẹ kú mọ́ ìlú lẹ́nu.

"Gbé ajá mi wá," ni mo wí.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," iwin náà dáhùn. "Mo pa ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o pa mí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀mì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa sọ ẹni tó lajá."

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá ń fi ìtìjú rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ, ẹ̀rọ rẹ tó ń wọ́ lọ́jọ́sí, kí lo fi pa á lára?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ò rí i pé Ọlọ́run kì í sùn! Ọ̀tá mi ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi, tó ní kí n júwe ọ̀nà fún òun. Mo ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ sọ. Mo họ orí. Mo wò yíká bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbọ́.

"Òrí ni," mo ní. "Òrí tuntun, kó nípọn dáadáa. Ha ìpara àtijọ́ yẹn dànù. Kí o wá gbé eré rẹ̀ sókè."

"Díẹ̀díẹ̀ ni àbí lẹ́ẹ̀kan?"

"Àwa ènìyàn lásán là ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ìwọ tí ń jẹ́ Kíá-ni-Tèmi, ṣé ìwọ ló máa máa gun àtẹ̀gùn?"

Àyà rẹ̀ wú. Kí n tó pajú dé, ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán.

Ayò ẹ̀ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ sáré débi pé ẹ̀rù bà mí. Ó ń jẹ ọmọ ayò mi, ó sì ń kó ọmọ ìhà tirẹ̀ jọ sí odù kan tó ti ga bí òkìtì ọ̀gán. Mo ń retí kó dákú, kò dákú. Òórùn òrí ti ń jáde, síbẹ̀ kò dákú, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀yìn ẹní yẹn jáde ti di ìjì. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ náà ń le sí i, ẹní ń fò sókè. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ṣaworo.

Ó ń dún kíkankíkan lẹ́yìn ẹní, kò sinmi, ọ̀kan nínú ohùn rẹ̀ sì ń ha bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Jìnádù, ṣé o ti mọ ohun tó ń yí fáànù náà báyìí? Ajá mi ni! Wọ́n tì í mọ́ inú kẹ̀kẹ́ onígi kan, ó ń sáré lójú kan, kẹ̀kẹ́ ń yí fáànù, fáànù ń tu ẹ̀rọ lára. Ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wu iwin yẹn nìyẹn; èyí tó ń sáré níbẹ̀ kí tèmi tó dé, n kò mọ ibi tó wọlé sí. Òrí tí mo ní kí ó fi pa ẹ̀rọ ló sì wá sọ eré ajá mi di ìlọ́po ìlọ́po. Mo fẹ́ gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìbọn nídìí ayò ti gbà pé òun pàdánù.

Ó kan Kíá-ni-Tèmi láti ta. Bó bá ti lè tú odù yẹn báyìí, ó ti pa mí. Wọ́n ju ìyẹ́ sókè. Mo dìde dúró, mo kó gbogbo ìtìjú tí mo ti ń gbé kiri sínú ọ̀fun, mo pariwo bí mo ṣe ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà olè ìgalà yẹn:

"Kò-ní-gbàgbéééé! Dúró!"

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tèmi gbọ́. Ṣaworo dákẹ́. Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ẹní rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Òrí bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà nínú ẹ̀rọ iwin, èéfín yọ, ojú ẹ̀rọ náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Kíá-ni-Tèmi ń lù ú, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó ń pè é ní ọmọ bàbá òun. Ìyẹ́ lékèélékèé rọra balẹ̀ sáàárín wa.

Mo ya ẹní náà. Ajá mi dúró nínú kẹ̀kẹ́, ó ń gbọ̀n, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà lára igi. Ó lá mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Iwin náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọdẹ, mú ajá rẹ. Mú igbó náà pẹ̀lú gbogbo ẹran inú rẹ̀. Jọ̀ọ́, máa lọ."

"Igbó ni mo wá wá ni? Jókòó sílẹ̀ lásán. Kọ orin."

Ó kọ ọ́, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì gbè é, nítorí wọn kì í pẹ́ yí padà níbẹ̀. *Ta ló ní kó o bá wa ta? Ẹnu mi ni, ẹnu mi ni.* Ó dùn mọ́ mi ju ẹran ìgalà lọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, mo fi ẹnu ìbọn bàbá mi júwe kẹ̀kẹ́ onígi náà fún un.

"Wọlé."

"Ẹ̀rọ ti kú, ọdẹ. Kí ni mo fẹ́ máa fẹ́?"

"Fẹ́ òkú rẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ìtìjú mi yóò fi tutù."

Ó wọlé, àwọn ènìyàn rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n sì yára tì í ju bí mo ṣe ní kí wọ́n tì í lọ. Mo gbé ajá mi kọ́ ọrùn, mo gbé ẹ̀rọ mi rù, mo jáde. Ọ̀dọ̀ Abíọ́nà ni ẹ̀rọ náà wà báyìí. Mo ti dá eré rẹ̀ padà sí ti àwọn tó ṣe é, nítorí n kò ní ẹni tí mo fẹ́ bá ta mọ́.

Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo délé, ooru mú, Abíọ́nà sì tan fáànù tó wà lókè yìí nígbà náà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí báyìí, ajá yìí dìde lójú oorun. Ó ń sáré lójú kan. Ojú rẹ̀ dé, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, kò sì dúró títí a fi pa fáànù náà. Mo gun àga, mo já fáànù náà lulẹ̀, mo fi àáké là á. Ihò tí wọ́n fi kọ́ ọ nìyẹn lókè orí rẹ, Jìnádù.

Nítorí náà, ẹ fara da ooru mi. Ìtìjú mi kò tíì tutù, n kò sì ránṣẹ́ sí Kánkán pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́ báyìí, afẹ́fẹ́ tútù kan a máa fẹ́ wá láti ìhà Igbó Àìwẹ̀yìn. Ó ti ń fẹ́ bọ̀ yẹn. Ẹ gbà á sára, ẹ sì mọ ẹni tó ń sáré.